Fímù Tí O Kò Lè Fi Sílẹ̀

Abúlé Olúwatẹ̀dó,
Lẹ́bàá Ìkirè.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹjọ, ọdún 2016.

Fẹ́rànmí, ọmọ mi, Àkànní,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ o, mo kí ọ kú ìrìn Galadimawa sí Kado lójoojúmọ́. Olúwa tó mú ọ dé Àbújá kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àlàáfíà ni a wà. Ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, ìjì gbé páànù ilé ìdáná lọ ṣùgbọ́n a rí díẹ̀ nínú rẹ̀ lóko Bámiṣayọ̀ aládùúgbò wa, orúnkún mi náà sì ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀.

Fẹ́rànmí, ọ̀rọ̀ Fímù yìí ni kò jẹ́ kí n lè jẹun dáadáa. Nígbà tí o wá kí wa níjọ́sí, mo gbọ́ tí ò ń bá Akin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, pé ọ̀gá yín tuntun ní kí gbogbo yín pa Fímù tì kí ẹ máa lo òmíràn, àti pé ìwọ á kúkú fi iṣẹ́ sílẹ̀ ju kí o fi Fímù sílẹ̀ lọ. Àyà mi já. Ṣé torí ìyẹ̀fun tí a fi ń ha ìdí ìkòkò ni ọmọ mi ṣe fẹ́ sọ iṣẹ́ nù? Mo bi ọ́, o rẹ́rìn-ín, o ní kì í ṣe ti ìkòkò, pé ohun tí ẹ fi ń kọ̀wé iṣẹ́ yín sínú kọ̀ǹpútà ni, orúkọ ló kàn jọra. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ, mo mọ ìgbà tí o bá ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi.

Torí gbogbo ohun tí o sọ nípa rẹ̀, ti Fímù tèmi náà ni. O ní ó fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. O ní kò sí ibi tí ènìyàn dé tí kò ní bá a níbẹ̀, òótọ́ ni, kódà ó wà ní ìsọ̀ Wàsílátù. O ní ó máa ń kọ́kọ́ nira, ṣùgbọ́n tó bá ti mọ́ ènìyàn lára, ọwọ́ á máa ṣe é láìjẹ́ pé ojú ń wò ó. Ta ló máa sọ ìyẹn fún èmi tí mo fọ ìkòkò ilé ìwé fún ọdún mẹ́rìndínlógún? O tún ní láti ìgbà tí o ti ń lò ó, ọwọ́ rẹ kì í sábà kan eku orí tábìlì iṣẹ́ rẹ mọ́. Inú mi dùn sí ìyẹn, torí ibà Lásà tí wọ́n ń kéde lórí rédíò. Èyí tí kò yé mi ni pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún yín, àti èyí tí o ní Akin sọ, pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú rẹ̀ kì í mọ bí òun ṣe máa jáde. Mo ti gbé ìyẹn fún àwọn aládùúrà ìjọ wa.

Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ òótọ́ inú mi. Fímù jẹ èékánná mi tán kí ìwọ lè jókòó sí ọ́fíìsì. Tó bá wá jẹ́ pé ìkòkò náà lo ń fọ̀ ní Àbújá, tí ojú ń tì ọ́ láti sọ, jọ̀ọ́, má tijú mi. Ìfẹ́ tí mo ní sí ọ kò ní dín. Má ṣáà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí o fi ti páànù lé e, kí n wá bá ọ. Ìwọ á máa pọn omi, èmi á máa fọ ìkòkò, ọwọ́ mi kò tíì gbàgbé.

Ṣítù awakọ̀, ọmọ àdúgbò wa tó ń gbé Mpape, ló ń bá mi mú lẹ́tà yìí bọ̀, pẹ̀lú àpò kan. Agolo Fímù mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, kí o máa rí i lò títí ọ̀gá yín á fi rọ̀.

Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ojú rere ni wọ́n á máa fi wò ọ́. Ibikíbi tí o bá wọ̀, wà á mọ ọ̀nà tí o máa gbà jáde. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àìná.

Mo gbàgbé o, fún ọ̀gá rẹ ní agolo méjì nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ọ̀gá náà bí wọ́n ṣe ń lò ó ni.