Mìsítúrà Sẹ́ Ògì, Èmi Sẹ́ Mìsítúrà

Èmi, Abdul-Làtíìfù Àkànjí Gbàdàmọ́sí, ọmọ bíbí ìlú Ìsẹ́yìn, tí mo ń gbé ní Peckham ní gúúsù London láti ọdún 1988, mẹkáníìkì, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Orí mi pé. Orúnkún mi nìkan ni kò pé mọ́. Ẹnikẹ́ni kò fi agbára mú mi jókòó síbí. Bí ẹnì kan bá ń ṣiyèméjì nípa làákàyè mi, kí ó gun mópẹ́ẹ̀dì, alùpùpù kékeré, tó ń ṣàìsàn kọjá ní òdìkejì títì, màá sọ ohun tó ń ṣe é kó tó dé ìyànà.

Ìwé yìí pa gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, àgàgà èyí tí mo fi ìbínú kọ ní ọdún 2011, gbogbo wọn ni mo sì ti fà ya.

Kí n tó pín ohunkóhun, àdéhùn kan wà. Òfin ìlú yìí ní kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀ nígbà tí mo bá ń fọwọ́ sí i. Mo fẹ́ kí Mìsítúrà, ìyàwó mi tẹ́lẹ̀, ìyá àwọn ọmọ mi, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọdún kẹrìnlá rèé tí kò ti bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́yà mi ní kí n pe aládùúgbò mìíràn, mo kọ̀. Bí Mìsítúrà kò bá wá, n kò ní fọwọ́ sí i, kí ìwé yìí di pépà lásán, kí òfin pín ẹrù mi bó ṣe wù ú. Ẹ ka ìyókù ná kí ẹ tó pè mí ní olóríkunkun.

ÌKÍNÍ. Lọ́yà náà, Ràfíátù, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Camberwell, ni mo fi ṣe olùmúṣẹ ìwé yìí. Ó mọ òfin, kì í sì í bẹ̀rù mi. Kí ó rí i pé wọ́n sin mí bí Mùsùlùmí, kíákíá, láìsí ariwo. Kí ẹnikẹ́ni má gbé òkú mi wọ bàálù. Ìsẹ́yìn ló bí mi, ṣùgbọ́n ibí ni mo ti jẹun jù, ibí náà ni kí wọ́n sin mí sí.

ÌKEJÌ. Fúláàtì mi tó wà lẹ́yìn Rye Lane, Àmírà ọmọbìnrin mi àti Basit ọmọkùnrin mi ló ni ín, kí wọ́n jọ ni ín ní dọ́gbadọ́gba. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á, kò burú. Kí wọ́n kàn má jẹ́ kí n gbọ́ nínú sàréè pé wọ́n jà lórí rẹ̀. Èmi àti ìyá wọn ti ja ìjà tó tó fún ìdílé kan.

ÌKẸTA. Ológbò tó ń gbé ní ṣọ́ọ̀bù mi lábẹ́ afárá rélùwéè, èyí tí à ń pè ní Púlọ́ọ̀gì, mo fẹ́ fún Pásítọ̀ Káyọ̀, tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ológbò yìí ti ń sá fún ariwo ẹ́ńjìnnì mi lọ gbọ́ ìwàásù rẹ̀. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀ ni ẹlẹ́rìí mi kìn-ín-ní, Ràfíátù sì ní ẹni tó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ìwé ìhágún kò lè gba ohunkóhun nínú rẹ̀, ìbáà ṣe ìrù ológbò. Nítorí náà, Moyinolúwa, ọmọ Pásítọ̀, ni mo há a fún. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé, kí ológbò yan ẹni tó bá wù ú.

ÌKẸRIN. Gbogbo irinṣẹ́ mi, láti orí sípánà tí mo gbé wá láti Ìsẹ́yìn títí dé ẹ̀rọ tí mo rà lọ́dún tó kọjá, Àmírà ló ni ín, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn kan máa sọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Kí wọ́n gbé ọkọ̀ wọn wá fún un, kí wọ́n wá sọ ọ́ lójú rẹ̀. Etí mi ló jogún. Lórí ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ìlọta àti alùpùpù ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí, nígbà tí a kò ní ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Etí la fi ń gbọ́ ọ, imú la fi ń gbóòórùn èéfín rẹ̀. Mo kọ́ Àmírà ní gbogbo rẹ̀, ó sì ti ń gbọ́ ohun tí èmi kò gbọ́ mọ́. Mo ń yangàn lórí rẹ̀, ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lójú rẹ̀ ṣáájú ìwé yìí.

ÌKARÙN-ÚN. Alùpùpù orí yìnyín tó wà ní igun ṣọ́ọ̀bù, tó ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ méjì níwájú àti bẹ́líìtì gbọọrọ lábẹ́, Basit ni mo fún. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Basit ń ṣe, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín sípánà àti ṣíbí, ṣùgbọ́n kò sí Sátidé kan tí kì í wá nu alùpùpù náà. Yìnyín Peckham kì í bo bàtà, kí ó má dúró dè é. Kí ó máa tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó má baà gan.

Ó yẹ kí àwọn tó máa ka ìwé yìí mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe dé abẹ́ afárá ní Peckham. Ní oṣù kejì ọdún 2007, oníbàárà mi kan, ọmọ Nọ́wè tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Camberwell, rí i pé mo tún mópẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ti dá a padà. Bàbá rẹ̀ ní ilé àlejò lórí òkè kan ní àríwá ìlú wọn, níbi tí yìnyín ti ń ga ju ènìyàn lọ. Alùpùpù orí yìnyín méjìlá ni wọ́n fi ń gbé àlejò kiri. Ní ojú ọ̀nà tí yìnyín ti le, wọ́n ń sáré dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọ inú yìnyín tuntun tó jìn, èyí tó rí lẹ́búlẹ́bú, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára rẹ̀ á lọ, á sì kú síbẹ̀. Wọ́n ti gbé àlejò méjì sọ̀kalẹ̀ tí òtútù ti ba ìka ẹsẹ̀ wọn jẹ́. Mẹkáníìkì mẹ́rin ti wò ó. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì, wọ́n tú kabúrétọ̀ palẹ̀, pàbó ló já sí. Wọ́n wá fi bàálù gbé èmi Làtíìfù lọ.

Mo dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù márùn-ún lọ́rùn. Mo tú púlọ́ọ̀gì kan, ó dúdú, ó sì tutù. Ẹ́ńjìnnì ń mu epo, kò rí afẹ́fẹ́ mí. Yìnyín yẹn kúnná bí èlùbọ́, ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí ń fà á wọlé, ó sì ń dí i lọ́fun. Kí oòrùn tó kúrò lójú fèrèsé ni mo ti mọ èyí. Mímọ àìsàn yẹn tèmi ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ mi.

Ìwòsàn rẹ̀ ló bá mi fínra fún ọjọ́ mẹ́jọ. Mo fi fóòmù bo ihò náà, fóòmù mu omi, ó di yìnyín gbagidi. Mo fi aṣọ tó nípọn bò ó, ẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ dá mi lóhùn mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, àwọn onílé ti ń wò mí bí ẹni tó kàn wá jẹun.

ÌKẸFÀ. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ẹsẹ yìí kò sí nínú ìwé ìròyìn tí wọ́n gbé fọ́tò mi sí. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, ẹnu mi náà ni màá fi sọ ọ́.

Mo pe Mìsítúrà lórí fóònù láti ráhùn. Nọ́ọ̀sì ni nígbà náà, ó sì máa ń ṣe ògì fúnra rẹ̀ nítorí pé èyí tí wọ́n ń tà ní Rye Lane kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi fóònù há èjìká, ó ń sẹ́ ògì lọ́wọ́, mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń ro. Ó bi mí bóyá yìnyín náà tutù ni tàbí ó gbẹ. Mo ní ó gbẹ. Ó ní:

“Bàbá Àmírà, ẹ kàn sẹ́ ẹ ni now. Ẹ wá aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi ti asẹ́ mi yìí, nylon o, kì í ṣe cotton, kó má bàa mu omi. Kẹ́ ẹ wá nà án kó le dáadáa. Tó bá rọ̀, èérí á jókòó sórí ẹ̀. Tó bá le, ẹ gbọ̀n ọ́n báyìí, gbogbo ẹ̀ á já bọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti fẹ́ late fún shift mi.”

Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Mo já nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ilé àlejò, mo nà án lé wáyà tó le, mo gbé e síwájú ihò náà, mo fi àyè ìka kan sílẹ̀ láàárín wọn. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń gbọn yìnyín dànù. Alùpùpù náà wọ inú yìnyín tó dé àyà, ó ń kígbe ìgbádùn, ó gun òkè yẹn láìwúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Èmi ni mo gùn ún. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, wọ́n sì fi alùpùpù náà ta mí lọ́rẹ, òun ló wà ní igun ṣọ́ọ̀bù títí dòní. N kò tíì yọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, àyàfi ọjọ́ tí wọ́n bí àwọn ọmọ mi.

Wọ́n bi mí bí mo ṣe ronú kàn án. Mo ní ó kàn sọ sí mi lọ́kàn ni.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ṣe asẹ́ yìí ní ṣọ́ọ̀bù, tí à ń fi ránṣẹ́ sí ìlú yìnyín gbogbo, orúkọ Gbàdàmọ́sí sì wà lára irin rẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn ará Nọ́wè wá sí Peckham, wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ wá fún mi. Mìsítúrà ṣe mọ́ínmọ́ín fún wọn. Wọ́n ní kí n sọ ìtàn bí asẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, mo sì sọ ọ́, pẹ̀lú ẹ̀rín, pẹ̀lú àpèjúwe ọwọ́, nígbà tí ó dúró síwájú mi tòun ti tírè lọ́wọ́. N kò dárúkọ rẹ̀. Ó gbé tírè sílẹ̀, ó mú kóòtù rẹ̀, ó lọ wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí mo délé, ó ní: “Bàbá Àmírà, ẹ ò jalè. Ẹ kàn gbàgbé mi ni. Ká ní ẹ jí i ni, ì bá sàn.” Mo dáhùn pé ọ̀rọ̀ orí fóònù lásán ni. Ó dúró dè mí fún ọdún méjì kí n kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ. Lẹ́yìn náà ó kó lọ sí Lewisham.

Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, mo sì fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ jẹun. Àmírà mọ̀, nítorí ó wà ní kíṣìnnì pẹ̀lú ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo pè. Lọ́jọ́ kan tó ń tẹ orúkọ mi mọ́ irin, ó ní, “Dádì, ẹ mọ̀ pé it was Mummy's idea, àbí?” Mo ní kó fojú sí iṣẹ́ rẹ̀. Lédè wa, ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmì ohùn kò tilẹ̀ yàtọ̀: Mìsítúrà sẹ́ ògì, èmi sẹ́ Mìsítúrà.

ÌKEJE. N kò há asẹ́ yìí fún ẹnikẹ́ni, nítorí ènìyàn kì í há ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Láti òní lọ, Asẹ́ Mìsítúrà ni orúkọ rẹ̀. Àmírà ti ṣe irin tuntun tí a ó fi máa tẹ orúkọ náà. Mo ti kọ lẹ́tà sí ilé àlejò ní Nọ́wè, mo sọ òtítọ́, mo sì dá àmì ẹ̀yẹ wọn padà kí wọ́n lè tún un kọ.

Nígbà tí mo sọ fún Ràfíátù pé Mìsítúrà ni mo fẹ́ ní ẹlẹ́rìí, ó di orí mú. Ó ní, “Uncle, tí wọ́n bá sign, wọn ò lè gba nothing o.” Mo ní ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Mìsítúrà kò ní gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n n kò mọ ọjọ́ kan tó kọ̀ láti jẹ́rìí sí òtítọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo rẹ ara mi sílẹ̀. Mẹkáníìkì mẹ́rin kò rí i, èmi ìkarùn-ún kò rí i. Obìnrin kan rí i láti kíṣìnnì ní Peckham, pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ògì, láìtíì fojú kan alùpùpù náà rí. Èmi ni obìnrin yẹn gbà láti fẹ́. Mo fi èyí yangàn ju òkè tí mo gùn lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà, mo fẹ́ràn rẹ̀ lónìí, ẹnu mi ló le.

ÀFIKÚN, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ. Sátidé ni òní. Aago méjì ni mo dá fún gbogbo wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Pásítọ̀ Káyọ̀ ti dé, ó ti jẹ ẹ̀pà mi tán. Ràfíátù ń wo aago. Àmírà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo títì, Basit sì ń nu alùpùpù rẹ̀. Aago mẹ́ta ti kọjá báyìí, bíró ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ó ti dé. Ó ní bọ́ọ̀sì ló pẹ́. Ó kọ̀ láti jókòó. Ó gba ìwé yìí, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì kà á lórí ìdúró láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún padà ka ẹsẹ kẹfà. Ó ti na ọwọ́ sí mi fún bíró, nítorí náà mo fẹ́ tètè fọwọ́ sí tèmi, níṣojú àwọn méjèèjì.

Mo fọwọ́ sí i ní Peckham, ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025.

Abdul-Làtíìfù Àkànjí Gbàdàmọ́sí

Ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní: Káyọ̀dé Adéṣínà. Àdírẹ́sì: Peckham. Iṣẹ́: pásítọ̀.

Ẹlẹ́rìí kejì, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀: Mìsítúrà Àṣàkẹ́ Ọládìméjì. Àdírẹ́sì: Lewisham. Iṣẹ́: nọ́ọ̀sì, mo ti fẹ̀yìn tì. Mẹkáníìkì, mi ò tíì fẹ̀yìn tì.