Kòtò Tí Mo Fún Kòkúmọ́

Ọjọ́ Ajé, 3 Èrèlé 2025

Dókítà ojú ní kò sí ohun tó kù láti ṣe. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ní Faransé, bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Ojú ọ̀tún ti lọ pátápátá. Ti òsì — òjìji nìkan. Kọ́ńpà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ń wá fìlà rẹ̀ kiri orí tábìlì. Orí rẹ̀ ni fìlà náà wà.

(Kọ́ńpà ni bàbá mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ó lè fa òbírí sójú pátákó láìlo kọ́ńpà. Inú ìwé yìí nìkan ni èmi ti ń pè é bẹ́ẹ̀.)

A délé ní nǹkan bí agogo mẹ́ta. Fóònù mi dún. Ìdáhùn ti dé — èyí tí Kọ́ńpà ti ń retí láti ọdún mẹ́ta.

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, kí n má baà sọ lọ́jọ́ kan pé mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Kòkúmọ́, ọmọ Datcha, ni ọ̀rẹ́ Kọ́ńpà láti kékeré. Wọ́n jọ gba bákì, ìwé ẹ̀rí ìparí ẹ̀kọ́ girama. Ìjọba fún Kòkúmọ́ ní ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́, ó lọ kọ́ ìṣirò ní ilẹ̀ Faransé, àìsàn àyà pa á síbẹ̀ ní 1981. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Wọn ò lè gbé òkú rẹ̀ wálé. Kọ́ńpà ní òun kò rí ẹni tí orí rẹ̀ pé tó ti Kòkúmọ́ rí, kì í sì í ṣe ẹni tó ń yin ènìyàn.

Nígbà tí Kọ́ńpà ń kọ́ wa ní lísè, ilé ìwé girama wa, ó máa ń kọ́ àwòrán òṣùpá sára ògiri. Á ní ká wo àwọn kòtò inú rẹ̀: orúkọ àwọn onímọ̀ ìṣirò ló kún ibẹ̀. Archimède. Gauss. Hypatie. Euler — kòtò tirẹ̀ kò fẹ̀ ju láti Atakpamé wa níbí sí Anié lọ, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣiṣẹ́ jù. Ojú rẹ̀ fọ́, kò dá ìṣirò dúró. Abel — òun náà kú ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. "Abel ní kòtò. Kí ló dé tí Kòkúmọ́ ò ní?" Ìdí nìyẹn tó fi ní kí n bá òun kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń bójú tó orúkọ inú òṣùpá.

Ìdáhùn wọn — ìlà mẹ́jọ. Wọ́n kẹ́dùn. Ẹni tí àwọn ọ̀mọ̀wé àgbáyé mọ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ sọ kòtò. Kòkúmọ́ kò tẹ iṣẹ́ kankan jáde. Rárá ni.

Kọ́ńpà ti gbọ́ tí fóònù dún. Ó ní, "Àwọn ni?" Mo ní àwọn ni. "Kí ni wọ́n wí?" Ògiri ló kọjú sí, ó rò pé èmi lòun ń wò.

Mo ní, "Wọ́n gbà."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Èrèlé

Ó sunkún láàárọ̀. Ó ní èéfín ni. Mi ò tíì dáná.

Ọjọ́rú, 5 Èrèlé

Ó ní kí n mú òun dé iwájú àwòrán òṣùpá. Ó wà lára ògiri yàrá rẹ̀ títí di òní, etí rẹ̀ ti pọ́n. "Fi ìka mi lé e." Mi ò ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn. Mo di ìka rẹ̀ mú, mo gbé e lọ sísàlẹ̀, sí apá ọ̀tún, mo fi lé ẹyọ kòtò kékeré kan tí wọn ò kọ nǹkan kan sí.

"Ẹ̀gbẹ́ Abel?"

"Ẹ̀gbẹ́ Abel, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ó fẹ̀ tó ibo? Mo ní tó ilé wa sí Datcha. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, Kòkúmọ́ ti fẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn láìmọye ìgbà.

Ó ní kí n kọ orúkọ náà sí i, pẹ̀lú yíǹkì. Mo kọ ọ́. Ìkọ̀wé mi kò dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Èrèlé

Lẹ́yìn Máàsì, nígbà ìkéde, ó dìde. Mi ò mọ̀ pé ó máa dìde. Ó sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ Ifẹ̀ kan, ẹ̀yà tiwa níhìn-ín, ti wà nínú òṣùpá. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàtà mi ni mò ń wò.

Ọjọ́bọ̀, 13 Èrèlé

Tàńtí Sabine wá láti Datcha — àbúrò Kòkúmọ́. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ fún Kọ́ńpà, "Ẹ̀gbọ́n Étienne, Ọlọ́run á san án fún yín." Ó gbé iṣu wá, àti ẹtù méjì.

Ó tẹ̀lé mi wọ ilé ìdáná. Ó ń bi mí léèrè bí ọmọdé. Ṣé kòtò gidi ni, àbí orúkọ lásán? Mo ní kòtò gidi. Ó jìn? Ó jìn. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ó ti tó àsìkò, kó hú u kúrò? Mo ní rárá.

Ìgbà yẹn ló wá là á yé mi. Ọmọ ìlú wọn kan wá sàréè Kòkúmọ́ lọ ní ilẹ̀ Faransé ní 1998. Kò sí mọ́. Àsìkò tí wọ́n fún un ti pé, wọ́n ti kó egungun rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn, wọ́n ti sin ẹlòmíràn síbẹ̀. Ìyá wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Datcha, ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Kò sunkún Kòkúmọ́ rí. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fá irun ọ̀fọ̀. Ọmọ méjì ló ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó bí i, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ sin wọ́n. Ìdí tó fi sọ ọ́ ní Kòkúmọ́ nìyẹn. Ó ní òun ò rí kòtò tí wọ́n gbé eléyìí sí, òun ò sin ẹnikẹ́ni.

"Màmá ti gbọ́ báyìí," Tàńtí Sabine wí. "Ó ní ká máa gbé àga òun síta tí òṣùpá bá ti yọ."

Mo ń tu ìyẹ́ ẹtù. Mi ò lè gbójú sókè.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Èrèlé

Ojú-Aago pè mí. (Florent, ọ̀gá lísè wa. Á wo aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí o tó kí i tán.) Wọ́n fẹ́ fi orúkọ Kòkúmọ́ sọ yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ọjọ́ Ẹtì, 7 Ẹrẹ́nà. Àwọn oníròyìn rédíò á wá. Kọ́ńpà ni yóò sọ̀rọ̀.

"Madame Inès, ẹ mú lẹ́tà náà wá, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Èrèlé

Mo lọ bá Ṣùkúrátù lọ́jà. A jọ wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀ ti wá, aṣọ ló ń tà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ń ká aṣọ, kò dúró.

Ó ní, "O purọ́ fún afọ́jú."

Mo ní lọ́jọ́ yẹn kò tíì fọ́ tán.

Ó ní, "Ọjọ́ tó ń fọ́ gan-an lo mú."

Ó fi òwe kún un, pé bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ó tún ní kí n sọ fún Kọ́ńpà kó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ajé, 24 Èrèlé

Mo kọ lẹ́tà èké. Faransé rẹ̀ dára ju ti òótọ́ lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo pa á rẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Èrèlé

Mi ò sọ.

Ọjọ́bọ̀, 27 Èrèlé

Mi ò sọ. Ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ tó máa sọ sórí, torí kò lè kà á. Mò ń gbọ́ ọ ní balùwẹ̀. Ó máa ń dúró níbi tí orúkọ Kòkúmọ́ wà, á wá tún un sọ.

Ọjọ́rú Eérú, 5 Ẹrẹ́nà

A ti ilé Ọlọ́run dé. Eérú ṣì wà níwájú orí àwa méjèèjì. Mo sọ ọ́ fún Kọ́ńpà kó tó jókòó tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mi ò ní sọ ọ́ láéláé.

Ó wá ní, "Kà á." Mo ka lẹ́tà náà, ti òótọ́. "Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i." Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ní Kòkúmọ́ kò tẹ iṣẹ́ kankan jáde, ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ní òótọ́ ni. Àyè ni kò rí.

Lẹ́yìn náà: "Ọjọ́ tó o di ìka mi mú. Kí ni ìka mi wà lórí rẹ̀?"

"Kòtò kan tí kò lórúkọ, Bàbá."

Ó ní kí n pa orúkọ náà rẹ́. Mo fi abẹ fá a. Ìwé náà ya.

Lọ́sàn-án mo lọ sọ fún Ojú-Aago. Kò wo aago rẹ̀ rárá.

Nígbà oúnjẹ alẹ́, gbólóhùn kan ṣoṣo: "Lọ́la, a ń lọ sí Datcha."

Ọjọ́bọ̀, 6 Ẹrẹ́nà

Alùpùpù zẹ́mì méjì ló gbé wa. Kọ́ńpà fi ọwọ́ méjèèjì di ẹni tó gbé e mú bí ọmọ ọwọ́. Agogo mẹ́ta ti kọjá ká tó dé. Òṣùpá ti yọ, ààbọ̀, funfun, lójú ọ̀sán gangan, lókè àwọn igi tíìkì. Mo dúpẹ́ pé Kọ́ńpà kò rí i. Lẹ́yìn náà ojú tì mí pé mo dúpẹ́.

Tàńtí Sabine jáde sí wa. Orí rẹ̀ — fífá. Àwọn ọmọ rẹ̀, fífá. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, gbogbo wọn. Mi ò tètè lóye. Màmá Datcha wà lórí àga láàárín àgbàlá, orí tirẹ̀ náà ń dán, ó kọjú sí òkè. Ó rí wa, inú rẹ̀ dùn.

"Étienne! Wá jókòó. Ó ti yọ."

Kọ́ńpà kò jókòó. Ó yíjú síbi tí ohùn ti wá. Ó ní, "Màmá, irọ́ ni. Èmi ni mo pa á. Ojú mi ò ríran mọ́, mo ka ohun tí kò sí nínú ìwé."

Mo lè dákẹ́. Mò ń kọ ọ́ síbí nítorí kò sẹ́ni tó máa mọ̀: mo rò ó. Mo mí lẹ́ẹ̀mejì, mò ń rò ó. Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀. Mo ní rárá, Màmá, èmi ni. Bàbá ò mọ̀. Orúkọ Kòkúmọ́ ò sí níbẹ̀. Wọn ò gbà.

Tàńtí Sabine gbé ọwọ́ lé orí fífá rẹ̀.

Màmá Datcha kò pariwo. Ó bi mí bóyá mo ti bímọ. Mo ní n kò tíì bí. Ó mi orí.

"Ọjọ́ Àìkú tó kọjá la sin ín," ó wí. "Ọdún mẹ́rìnlélógójì. Mo sun ẹkún rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo sì sùn. Ẹ wá hú u."

Kọ́ńpà ní, "Màmá, òtítọ́ ló yẹ —"

"Étienne. Ta ló bi ọ́ ní òtítọ́?"

Ó ní kí wọ́n yí àga òun padà. Tàńtí Sabine àti ọmọ rẹ̀ gbé e, wọ́n yí i kọjú sí ògiri ilé. A dúró níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fún wa lómi. Ní Datcha, níbi tí wọ́n ti ń fún àlejò lómi kí wọ́n tó bi í lórúkọ.

Kọ́ńpà kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Ẹrẹ́nà

Rédíò pè, láti béèrè ìdí tí ayẹyẹ náà kò fi wáyé. Mo ní Bàbá ń ṣàìsàn. Irọ́ mìíràn.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Ẹrẹ́nà

Kọ́ńpà ń jẹun. Ó ń dá mi lóhùn tí mo bá kí i. "O ṣé." Ìyẹn nìkan. Ó ti ń fọwọ́ wá ọ̀nà lára ògiri, kò pè mí mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Ẹrẹ́nà

Tàńtí Sabine pè. Màmá ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Kò jáde síta mọ́. Tàńtí Sabine kò bú mi. Ó kàn bi mí pé, "Irun wa ti ń hù, Inès. Tí wọ́n bá bi wá, kí la máa ní a fá a fún?"

Ó pa fóònù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Ẹrẹ́nà

Awakọ̀ kan mú lẹ́tà wá láti Anié. Lẹ́tà bébà, ojú ewé mẹ́rin, láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́ńpà àtijọ́ kan. Mo gbà á. Inú mi dùn, mo sáré wọlé. "Bàbá, lẹ́tà yín dé. Ṣé kí n kà á?"

Ó na ọwọ́. Mo fi lé e lọ́wọ́. Ó fi sínú àpò agbádá, ó ní ó dára.

Ó fi ògiri tọ ọ̀nà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Mo gbọ́ tó ń pe Eric, aránṣọ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà. Eric kò ka ìwé mẹ́fà tán. Nọ́ḿbà orí tépù àti orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ ló ń kà lójoojúmọ́. Ó wá, ó jókòó, ó já lẹ́tà náà.

Ó ń kà á ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, Faransé rẹ̀ ń fọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó fo ìlà kan. Mo mọ̀, nítorí gbólóhùn náà kò nítumọ̀ mọ́. Mo wà nílé ìdáná, àlùbọ́sà lọ́wọ́ mi, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí wọn.

"Rọra, Eric," Kọ́ńpà wí. "O fo ìlà kan. Padà sẹ́yìn. Mo lè dúró."

Eric tọrọ gáfárà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.