Kòkòrò Inú Kọ̀ǹpútà Alákọ̀wé

Àìkú, 4 Oṣù Kẹwàá 1998
Alákọ̀wé, ọkọ mi, gba dísìkì kan bọ̀ láti ilé Dúró ọ̀rẹ́ rẹ̀. Géèmù bọ́ọ̀lù ni, ó ní. Mo ní kó má ki ohun tí a kò mọ ibi tó ti wá bọ kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ ìwádìí mi wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀rù ni yóò pa yín.” Òṣìṣẹ́ báńkì ni òun. Òun ló ni ọgbọ́n.

(Lójú rẹ̀, “ẹ” ni mò ń pè é. Nínú ìwé yìí, “ó” ti tó fún un.)

Àtàláátà, 6
Ó ti ki dísìkì náà bọ ẹ̀rọ. Géèmù kankan ò jáde.

Jímọ̀, 9
Orí kejì iṣẹ́ mi ti ṣófo. Orúkọ fáìlì wà níbẹ̀, inú rẹ̀ ò ní nǹkan kan. Orí kẹta náà. Gbogbo ìrìn ìwádìí mi sí Kuta àti Olúpọ̀nnà, gbogbo ìyá ọlọ́mọ tí mo bá sọ̀rọ̀ — Alákọ̀wé ní bóyá èmi ni mo tẹ ohun tí kò yẹ. Èmi.

Àbámẹ́ta, 10
Dúró wá tún un ṣe. Ẹnjiníà ló ń pe ara rẹ̀. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó fẹnu fẹ́ eruku, ó ní ooru ló mú un. Ó jẹ iyán mi, ó lọ. Nígbà tí mo tún wò ó, orí kẹrin ti lọ.

Mo pa ẹ̀rọ. Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tàn án. Alákọ̀wé rẹ́rìn-ín. Mo wò ó títí ẹ̀rín náà fi tán.

Alàmísì, 15
Òṣogbo. Wùmí, tí a jọ kàwé, ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ó ní kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní tírójáànì ni: “Á múra bí àlejò rere. Ìwọ fúnra rẹ lo máa ṣílẹ̀kùn fún un.” Mo ní èmi kọ́, ọkọ mi ni. Ó fún mi ní dísìkì tí kò ní kòkòrò, ó sì kọ́ mi bí mo ṣe máa lò ó.

Àbámẹ́ta, 17
Alákọ̀wé lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ilé-Ogbó. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo fi dísìkì Wùmí tan ẹ̀rọ, kí ọ̀dàlẹ̀ inú rẹ̀ má baà jí. Mo wá géèmù náà rí, mo pa á rẹ́. Mo wá ìlà àṣẹ tó ń jí i nígbàkígbà tí a bá tan ẹ̀rọ — mo pa ìyẹn náà rẹ́. Mo tún ẹ̀rọ tàn.

Orí kìíní wà. Orí karùn-ún wà. N ó tún àwọn yòókù tẹ̀ láti inú èyí tí mo fọwọ́ kọ. Mo sunkún díẹ̀. Mo lọ dáná.

Àìkú, 18
Mo sọ fún Alákọ̀wé pé mo ti tún ẹ̀rọ ṣe. Ó ní, “Mo mọ̀ pé kò le tó bẹ́ẹ̀.”

Alàrùba, 21
Mò ń tẹ̀. Ẹ̀yìn ń dùn mí.

Jímọ̀, 23
Wọ́n kí mi ní mọ́ṣáláṣí: ọkọ mi mà tún kọ̀ǹpútà ṣe bí òyìnbó. Alákọ̀wé ló ń sọ ọ́ kiri. Mo ní a dúpẹ́.

Àìkú, 25
Ọ̀gá rẹ̀ ní báńkì gbé kọ̀ǹpútà tiwọn wá. Àìsàn kan náà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo gbé omi tútù fún wọn, mo padà sídìí ẹ̀wà tí mò ń ṣà. Alákọ̀wé tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Òógùn bo ọrùn rẹ̀. Ọ̀gá béèrè bóyá tiwa náà pẹ́ tó báyìí.

Alákọ̀wé fi orúkọ ọmọ wa pè mí: “Ìyá Balqees, wá bá wa wò ó.”

N ò gbójú sókè. Mò ń ṣa ẹ̀wà.

Alákọ̀wé nu òógùn ọrùn rẹ̀, ó kọjú sí ọ̀gá. “Sà, èmi kọ́ ni mo tún tiwa ṣe. Ìyàwó mi ni.”

Mo gbọn ìyàngbò ẹ̀wà kúrò lára. Alákọ̀wé dìde. Mo jókòó sórí àga rẹ̀.