Iná tí ẹ fi téèpù bò

Bàbá Àwẹ̀ró,

Mo ti ṣí téèpù dúdú tí ẹ fi bo iná ìkìlọ̀ tó ń tàn níwájú ìdarí ọkọ̀. Làtífù tó ń ṣe iná mọ́tò wò ó láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, jíà tí Bàbá rò pó bàjẹ́ ò ṣe nǹkan kan o. Táyà àlòkù tí Bàbá fi sẹ́yìn ló tóbi ju èkejì ẹ̀ lọ, lọkọ̀ ṣe rò pé ẹsẹ̀ òun ń yọ̀, ló fi ń tan iná yẹn."

Ẹ má wà á lọ Àgbádárìgì nínú òjò yìí. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ táyà náà ní Ìyànà Ìbà.

Oúnjẹ wà nínú kúlà. Àwo òfìfo nìkan ni mo fi ń mọ̀ pé ẹ wọlé. Bí ẹ bá tún jáde kí n tó ti Alábà dé, ẹ kọ nǹkan sẹ́yìn ìwé yìí. Mi ò ní wá ẹni tó máa kà á fún mi mọ́; ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí mò ń lọ ti jẹ́ kí n mọ̀wé kà.