Kọ́kọ́rọ́ Wà Lára Rẹ̀: Ìgbésí Ayé Olóògbé Sùfíyánù Àkànní, Alágbàfọ̀ (1969–2025)

Ọdún 1969 ni wọ́n bí Sùfíyánù Àkànní ní Masífà, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Àbdùlmàlíkì, tó ń kó aṣọ wá tà níbí ní Niamey, olú ìlú Niger, ni bàbá rẹ̀. Mọ́rìlíátù, ọmọ Ìjẹ̀rù, ni ìyá rẹ̀. Ilé kéú ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ó ka ìwé mẹ́fà, ó sì yege. Ẹbí fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ èyí dáadáa, nítorí àwọn kan ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé púrúǹtù ni, pé kò lè ka ìkìlọ̀ tó wà lára ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ rẹ̀. Irọ́ ni wọ́n pa.

Lọ́dún 1987, bàbá rẹ̀ mú un wá sí Niamey pé kó wá jókòó ti aṣọ títà. Kò wù ú. Ó ní òun ò lè máa bẹ ẹni tí kò fẹ́ rajà. Ló bá lọ kọ́ iṣẹ́ alágbàfọ̀ létí odò ní Gamkalley, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó jẹ́ ẹ̀yà Zarma, ọmọ ìlú ibẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni bàbá rẹ̀ fi yan án lódì. Nígbà tó yá, bàbá náà ló ń gbé agbádá tirẹ̀ wá, torí kò sẹ́lòmíì tó lè lọ̀ ọ́ kó dúró gbagidi bẹ́ẹ̀.

Ó gbé Àsíyàt, ọmọ Ọ̀yọ́, níyàwó lọ́dún 1996. Àdúgbò Talladjé ni wọ́n kó lọ, Ọlọ́run sì fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Kí ààwẹ̀ tó wọlé lọ́dọọdún, òun nìkan ló ń fọ gbogbo ẹní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Bí Yorùbá kankan bá bímọ ní Niamey, ọ̀fẹ́ ló ń bá wọn fọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ síbi ìkómọ.

Ọdún 2011 ló wọ ilé ìfọṣọ ńlá kan tó ń fọ aṣọ ibùsùn fún hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìwòsàn. Lọ́dún 2019, wọ́n ra ẹ̀rọ kan tó gùn tó tírélà méjì. Aṣọ ìdọ̀tí á gba ẹnu wọlé. Ẹ̀rọ á fọ̀ ọ́, á fún un, á mú un gbẹ fúnra rẹ̀. Wọ́n lé òṣìṣẹ́ tó pọ̀ lọ, ó ku márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá há síbi tó ti ń gbẹ, ẹ̀rọ náà ò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ wọnú ẹ̀ lọ fà á jáde, Sùfíyánù ló sì ń wọ̀ ọ́. Kó tó wọ̀ ọ́, á pa ẹ̀rọ, á yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, á so ó mọ́ okùn ṣòkòtò, á ta á ní kókó méjì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó kejì rẹ̀ nìyẹn. Á ní ìyàwó kejì yẹn ló ń jẹ́ kí òun padà sọ́dọ̀ ìyáálé.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì ọdún 2025, aṣọ há. Sùfíyánù wọlé lọ fà á, ẹ̀rọ sì gbéra mọ́ ọn nínú. Kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ náà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Lẹ́tà ilé-iṣẹ́ ní ó gbàgbé láti pa ẹ̀rọ. Háà! Ta ló gbàgbé? Nígbà tí Lùkúmàn, àbúrò rẹ̀, fẹ́ wẹ òkú rẹ̀, tó tú okùn ṣòkòtò, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, kókó méjì. Kí wá ni wọ́n fi tan ẹ̀rọ? Gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló mọ̀ pé alábòójútó ti lọ gé kọ́kọ́rọ́ kejì, kí iṣẹ́ má baà dúró.

Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ilé-iṣẹ́ náà fa àgbò méjì wá, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fi Faransé kọ pé kí Àsíyàt tọwọ́ bọ̀ ọ́. Zaynab, àkọ́bí rẹ̀, ló kà á fún un: pé àìbìkítà ọkọ rẹ̀ ló pa á. Àsíyàt ní kí wọ́n máa fa àgbò wọn lọ. Wọ́n tún béèrè kọ́kọ́rọ́, wọ́n ní ohun ìní ilé-iṣẹ́ ni. Ojú ò tilẹ̀ tì wọ́n! Ọwọ́ adájọ́ ni wọ́n á ti bá a.

Sùfíyánù fi Àsíyàt sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ, Zaynab, Jùnáídù àti Sùmáyà. Ọmọ-ọmọ méjì, Hàwáù àti Ànísátù. Àti Lùkúmàn àbúrò rẹ̀. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ìyá rẹ̀, tó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, ní Ògbómọ̀ṣọ́. A ti sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ kú. A ò tíì lè sọ irú ikú tó pa á.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Sùfíyánù sí afẹ́fẹ́ rere, kó fi Alùjánnà kẹ́ ẹ. Àmín.

Ó wá ku ẹ̀yin mẹ́rin tí ẹ jọ wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Ẹ wà níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ yìí, a rí yín. A mọ̀ pé ẹ̀rù iṣẹ́ yín ń bà yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ rí ẹni tó ki kọ́kọ́rọ́ kejì bọ ẹ̀rọ, ẹ sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ba orúkọ òkú jẹ́. Àsíyàt wà nínú yàrá rẹ̀, nínú opó. Ẹni tó bá máa bá wa dé iwájú adájọ́, kó wọlé lọ sọ fún un. Ẹni tí kò bá ní lè sọ ohun tó rí, kó jẹun, kó máa lọ sílé. Kó má wọlé kí i.