Bàbá Aránṣọ, Alága tí Fóònù Yọ Nípò

Ọdún 1947 ni wọ́n bí olóògbé tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Aránṣọ, nínú yàrá kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Bàbá rẹ̀ ń tún ojú irin ṣe. Ìyá rẹ̀ ń ṣe búrẹ́dì. Òun ni ọmọ kejì wọn, òun náà ni wọ́n bí kẹ́yìn.

Ó kàwé mẹ́fà, ó kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ní 1972, ó fẹ́ nọ́ọ̀sì kan tó gbé aṣọ iṣẹ́ wá fún un láti rán. Títí ìyàwó náà fi ṣaláìsí ló ń sọ pé aṣọ ọ̀hún kò bá òun lára mu rí.

Kì í pa ilé ìsìn jẹ. Ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó.

Ní 1999, ó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú, wọ́n sì fi í ṣe alága àdúgbò. Ilé dé ilé ló ń bá ẹgbẹ́ wá èèyàn. Bó bá ti wọn èèyàn láyà tán, ó ti mọ ẹni tónítọ̀hún máa dìbò fún.

Ní 2022, ẹgbẹ́ kó ìforúkọsílẹ̀ àti ìbò abẹ́lé sínú áàpù orí fóònù ìgbàlódé. Àwọn àgbà àdúgbò kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀. Bàbá Aránṣọ bá fi nọ́ńbà tirẹ̀ forúkọ gbogbo wọn sílẹ̀, bó ṣe ti ń fi àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gba lẹ́tà wọn tipẹ́. Lójú ẹ̀rọ, ẹnì kan ló fẹ́ dìbò fún gbogbo àdúgbò. Ẹ̀rọ fagi lé ìbò wọn, ó sì yọ alága nínú ẹgbẹ́ fún màgòmágó.

Ó gbé kóòtù rẹ̀ wọ̀, ó lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ rán yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé fún, ní, "Bàbá, orí áàpù lẹ ti máa fẹjọ́ sùn."

"Áàpù tó ti lé mi síta ńkọ́?"

"Ẹ ṣáà máa gbìyànjú, Bàbá wa."

Ó gbìyànjú títí. "Kí wọ́n ṣáà dá orúkọ mi padà," ni gbogbo ohun tó ń sọ. Ẹbí ló ń bá a bínú sí ẹgbẹ́.

Oṣù tó kọjá ló papòdà. Ẹgbẹ́ kọ ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn sínú gúrúùpù orí fóònù tí wọ́n ti yọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, fóònù rẹ̀ dún: wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kó tẹ bọ́tìnnì kó lè padà sípò. Ẹbí pa fóònù náà.

Ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, ọmọ ọmọ méje, àti ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo.

Ilé dé ilé la fi kéde ikú rẹ̀. Àwọn àgbà tí Bàbá forúkọ wọn sílẹ̀ ló pé jọ síbi ìsìnkú yìí. Kò sẹ́ni tó bèèrè nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́ wọn.

Alága, orúkọ rẹ wà lọ́dọ̀ wa. Sùn re.