Ọwọ́ Kúkurú Tí Yunifásítì Ní Kí Mùbàṣírù Ní

Ilé Ràímì Onígẹdú,
Òkè-Àgbò,
Ìjẹ̀bú-Igbó.

Mùbàṣírù ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le? Ṣé Èkó ń ṣe ọ́ jẹ́jẹ́? Ṣé ọwọ́ rẹ méjèèjì ṣì wà lára rẹ? Má rẹ́rìn-ín o, mi ò bá ọ ṣàwàdà, ìdí tí mo fi ń bèèrè ń bọ̀ níwájú. Ọlọ́hun tó dá ọ lódindi ò ní jẹ́ kí wọ́n bù ọ́ kù. Ṣe àmín kí o tó ka èyí tó kù.

Yèyé rẹ ní kí n kí ọ, ó ní ṣé o ń rí ìkọ́kọrẹ́ jẹ níbẹ̀ àbí búrẹ́dì ni wọ́n fi ń tàn yín. Ewúrẹ́ rẹ ti bímọ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọmọ náà, ìwà yèyé rẹ ló mú. Òjò ò jẹ́ ká mí. Lọ́rì tó wọ igbó lọ kó gẹdú ti rì dé ikùn, dẹ́rẹ́bà ní òun ò ní fi í sílẹ̀, inú rẹ̀ ló ń sùn, ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé oúnjẹ lọ bá a bí ẹni tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù. Ayùn wa wà nílẹ̀, ó ń dógùn-ún, èmi náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Simeon télọ̀ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. O mọ̀ ọ́n, aládùúrà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí mọ́ṣáláṣí wa, tó máa ń fi agogo jí wa, tí àwa náà máa ń fi ìpèrun jí i. Èmi ń sọ, òun ń kọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò yá rárá. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ kan tán, mo ti gbàgbé rẹ̀, mo ti wà lórí òmíì, òun ṣì ń tan bébà bí adìyẹ. Mo ní Simeon, ṣé kò sí ọgbọ́n tí èèyàn lè dá tí á fi máa kọ̀wé bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́ ni? Ó ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ò sí láyé. Ó dùn mí. Ká ní nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì, èmi fúnra mi ì bá wá jókòó síwájú tíṣà.

Ó dáa. Lẹ́tà rẹ dé, Simeon sì kà á sókè lábẹ́ igi fúrúùtù, gbogbo àdúgbò gbọ́. O ní ó ku ohun mẹ́ta kí o tó gba dìgírì iṣẹ́ akọ̀ròyìn. Èkíní, o ní o máa lọ ṣiṣẹ́ nílé ìwé ìròyìn kan ní Èkó, wọn ò sì ní san nǹkan kan fún ọ. Ìyẹn yé mi, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Ohun tí kò yé mi ni pé nílé wa ńbí, èèyàn á kọ́kọ́ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kó tó gbọ́n, ẹ̀yin gbọ́n tán kí ẹ tó wá lọ gbálẹ̀.

Èkejì, o ní o máa kọ ìròyìn gígùn kan nípa ilé, o sì máa dárúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún ọ. Ọmọ́títí tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa gbọ́ èyí, ó ní ṣé ohun tí wọ́n fi ń gba dìgírì nìyẹn, ó ní òun ti ń ṣiṣẹ́ yẹn kí wọ́n tó bí ọ, òun ò sì gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Kò pa irọ́. Kí Simeon tó ká lẹ́tà náà padà, wọ́n ti ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní Àtìkòrí.

Ẹ̀kẹta ló wá dá wàhálà sílẹ̀. O ní èyí ló le jù, pé o gbọ́dọ̀ ní ṣọ́ọ̀tì-háńdì. O ní wọ́n ti dán ọ wò lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní ọwọ́ rẹ ò tíì dé ibi tí àwọn ń fẹ́, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ máa ń sáré jù ọ́ lọ. Ta ló ń lé wọn? O ní bí wọ́n bá tún dán ọ wò tí kò bá bọ́ sí i, kò sí dìgírì, gbogbo làálàá dòfo. O wá fi kún un pé dẹ́ẹ̀dì-láìnì rẹ ti sún mọ́lé. Simeon kọ̀ láti túmọ̀ ìyẹn fún mi. Ó kàn bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

Ìgbà tó gbàdúrà tán, ó ní ká fi ti òkú sílẹ̀, ká mú ti ṣọ́ọ̀tì-háńdì, pé ìyẹn ò ṣòro, pé iṣẹ́ òun gan-an nìyẹn. Ó ní ṣọ́ọ̀tì ni kúkurú, háńdì ni ọwọ́. Ọwọ́ kúkurú. Ó ní òun ń rán ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn, òun ń rán ẹ̀wù ọlọ́wọ́ kúkurú, pé ẹ̀wù ọlọ́wọ́ kúkurú ni yunifásítì fẹ́ kí o wọ̀, gbogbo ẹ̀wù tí o kó lọ ló dé ọrùn ọwọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá ọ padà. Inú wa dùn. Yèyé rẹ jó. Mo ní ṣé tìtorí apá ẹ̀wù ni ọmọ mi ò fi sùn? Simeon rán ẹ̀wù náà lọ́jọ́ yẹn, aṣọ funfun tó ṣẹ́kù lára súùtánà wọn ló fi rán an, ó fi àpò ńlá sí i láyà kí bírò lè ráàyè. Làmídì dẹ́rẹ́bà tó ń ná Èkó máa gbé e wá fún ọ. Kò wúlò mọ́, ṣùgbọ́n gbà á.

Kò wúlò mọ́ nítorí pé mo gbé pákó lọ fún Zechariah ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹni tó ṣe akódà ní kóòtù ìbílẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun. Mo bá ń ṣe fáàrí níbẹ̀, mo ní ó ku ọwọ́ ẹ̀wù kúkurú kí ọmọ mi di ẹni ńlá. Ó gba lẹ́tà rẹ lọ́wọ́ mi, inú fìlà ni mo ń gbé e sí. Ó wò ó, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó pe Simeon ní nǹkan kan. Simeon ní òun ò ní kọ ohun tó pe òun, kí n fò ó. Zechariah ní ta ló sọ pé háńdì ni apá ẹ̀wù? Ó ní ṣílíìfù ni apá ẹ̀wù. Ó ní háńdì ni ọwọ́ gan-an, èyí tó ní ìka. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun fi ń fi háńdì-kọ́ọ̀fù de èèyàn ní kóòtù, ṣé apá ẹ̀wù wọn ni òun ń dè? Mo ní ṣé ọwọ́ ọmọ mi gan-an ló máa kúrú? Ó ní bí ìwé ṣe wí nìyẹn, òun ò fi kún un, òun ò yọ níbẹ̀.

Mùbàṣírù, ọwọ́ mi ni mo ń wò nínú mọ́tò títí. Ìlú Òrù ni mo ti sọ̀ kalẹ̀, mo rò pé mo ti délé, mo bá kí onílé onílé kí n tó mọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Ìjẹ̀bú-Igbó.

Mo sọ fún yèyé rẹ. Ó kọ́kọ́ jókòó. Lẹ́yìn náà ó ní ẹni tí a máa ń gbọ́ pé wọ́n gé lọ́wọ́, kí ló máa ń ṣe? Mo ní olè ló máa ń jà. Ó ní ṣé o jalè ni? Mo ní ọmọ mi ò lè jalè. Ó ní ọmọ tèmi náà ò lè jalè. A wá ń wo ara wa bí ẹni pé ọmọ ẹlòmíì la ń sọ. Tóò, mo gbọ́dọ̀ bi ọ́: kí lo mú? Bó bá jẹ́ ìwé ni o mú nílé ìkàwé wọn, dá a padà, sọ pé o gbàgbé ni. Áfà Mùtàlíbù ti mọ́ṣáláṣí wa ní nínú gbogbo kéwú tí òun kà, ti olè ni òun rí, òun ò rí ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n ṣe é fún ẹni tó fẹ́ ròyìn. Ó fọkàn wa balẹ̀ díẹ̀, ó sì dà á rú púpọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí. Nígbà tí o wà ní kékeré, ọwọ́ rẹ kúrú, kò tó pẹpẹ, yèyé rẹ ló máa ń bá ọ gbé ẹran sílẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò gbà ọ́ nígbà yẹn? Àwa la fi ẹ̀bà tọ́ ọwọ́ yẹn títí ó fi gùn. Ó wá gùn tán, wọ́n ní ó gùn jù.

Yèyé rẹ tó máa ń ra ẹja ní Makun-Omi wá ní ká má tíì sunkún, pé òun mọ ọkùnrin kan ní Efire, Ṣéhù apẹja, tí ọ̀nì gé lọ́wọ́, kò sì kú, ká lọ wo bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kúrú ṣe ń gbé ayé. Mo wọ agbádá mi. A wọ mọ́tò, a wọ ọkọ̀ ojú omi. Mo rí àwọn èèyàn nínú ọkọ̀ kejì, mo bá dìde láti kí wọn bí ọmọlúàbí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọn kì í dìde níbẹ̀. Àwọ̀n ni wọ́n fi yọ mí nínú omi. Apẹja tó fà mí sókè ní òun ò tíì mú èyí tó tóbi báyìí rí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa rà á. Yèyé rẹ rẹ́rìn-ín títí a fi dé èbúté.

Ṣéhù gbà wá dáadáa. Mo bi í léèrè ohun gbogbo. Ó ní oúnjẹ rọrùn. Ó ní àtẹ́wọ́ ni òun ò lè pa, nítorí náà òun ò lè fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe yẹ. Ó ní okùn ṣòkòtò ló le jù, ìyàwó òun ló máa ń bá òun so ó, ọjọ́ tí àwọn bá jà, òun ò lè jáde nílé. Mo wá bi í pé irú ìwé ẹ̀rí wo ni wọ́n fún un. Ó ní ọ̀nì ò fún òun ní nǹkan kan, kò tiẹ̀ kí òun kú ìrọ́jú. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ rẹ fún un. Ó wá ní, Bàbá Mùbàṣírù, ọmọ yín ni ẹ ní ó fẹ́ máa kọ ìròyìn yìí? Mo ní òun ni. Ó ní bí wọ́n bá gé ọwọ́ náà tán, kí ló máa fi kọ ọ́?

Mùbàṣírù, ìbéèrè yẹn ni mo gbé bọ̀ wálé. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, mi ò tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti ronú, mi ò sì fẹ́ kí o bá mi jiyàn. Láti ìgbà bàbá bàbá mi, ọwọ́ kan ṣoṣo ló mọ̀wé kọ nínú ilé yìí, tìrẹ ni. Ọwọ́ tó ń di ayùn mú pọ̀. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ kúkurú ni wọ́n ń wá, kí wọ́n gba tèmi. O mọ̀ pé ayùn ti gé orí ìka mi méjì lọ́jọ́sí, ó ti kúrú díẹ̀ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ ò ní pọ̀ fún wọn. Simeon ní ọwọ́ òsì ni kí n fún wọn. Mo ní Simeon, ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni? A kì í fi ọwọ́ òsì fún àgbà ní nǹkan. Ọ̀tún ni màá fún wọn. Yèyé rẹ ní òun á máa bá mi so okùn ṣòkòtò. Mo ní bí a bá jà ńkọ́? Ó ní kí n má bá òun jà mọ́ nìyẹn.

Okùn tí o rí nínú lẹ́tà yìí, Simeon ló fi wọn ọwọ́ mi, láti èjìká dé orí ìka tó gùn jù. Mú un fún tíṣà rẹ, fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, dọ̀bálẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Sọ fún un pé kí ó so kókó síbi tí yunifásítì bá fẹ́ kó mọ. Kí o dá okùn náà padà kíákíá kí dẹ́ẹ̀dì-láìnì náà tó dé.

Kí o fi owó mọ́tò ránṣẹ́ sí mi tí n ó fi wá. Àlọ nìkan ni kí o san pé, ní àbọ̀ màá bá kọ̀ǹdọ́kítọ̀ sọ ọ́, kò yẹ kó gba owó odindi èèyàn lọ́wọ́ mi. Bí ó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ, fi owó epo ayùn kún un, ká fi pa á kí ó má dógùn-ún tán, ẹlòmíì á ṣì lò ó. Yèyé rẹ náà ní kí o ra tàwẹ̀lì kan fún òun, kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, mi ò sì bi í.

Àtàǹpàkò ọ̀tún mi ni mo fi tẹ ìsàlẹ̀ ìwé yìí. Tọ́jú rẹ̀ dáadáa.

Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ lọ́sàn-án, á ṣọ́ ọ lóru. Oúnjẹ ò ní wọ́n ọ. Ibi tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ bá gbé e sí, wàá gbé e kọjá ibẹ̀. Pẹpẹ tí ọwọ́ mi ò tó láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ọwọ́ rẹ á tó o.

Èmi bàbá rẹ,
Ràímì Onígẹdú.